Bí a ṣe ń tọ́ wáìnì wò nílé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, tí kò fi ní di àríyá lásán

Bó ṣe máa ń rí nìyí: ẹ pe ọ̀rẹ́ mélòó kan sílé nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ní kí kálukú gbé bọ́tìlì kan lọ́wọ́, kí ẹ jọ tọ́ wáìnì wò. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé gbé èyí tó dùn bí ṣúgà wá. Ẹnì kejì gbé irú rẹ̀ gan-an wá. Ti ẹnì kẹta ò ní ọtí nínú rárá. Gbogbo wọn ti gbóná láti inú bùútù ọkọ̀. Kó tó di aago mẹ́jọ, súyà ti dé, orin ti ròkè, oríṣi mẹ́ta ti pò pọ̀ nínú ife kan. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ kejì pé èwo ló dára jù, wọ́n á ní "èyí tó pupa yẹn."

Inú kálukú dùn o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tọ́ nǹkan kan wò. Ohun tó sábà máa ń ba irú ìjókòó yìí jẹ́ ò ju mẹ́ta lọ: kò sí kókó tó so àwọn bọ́tìlì pọ̀, ata ti dé ẹnu kí wáìnì tó dé ibẹ̀, wáìnì sì gbóná. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ooru ló burú jù, nítorí ẹ lè ra wáìnì olówó gọbọi kí ooru sọ ọ́ di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ mu tán. Ẹni tó bá lè ṣe ìkáwọ́ ooru ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ohun tí ẹ máa nílò fún ènìyàn mẹ́jọ

- Bọ́tìlì wáìnì mẹ́fà, oní-750 mílílítà, àti ẹyọ kan sí i fún ìfidípò bí ọ̀kan bá bàjẹ́
- Ife wáìnì onígíláàsì 16, méjì fún ẹnì kan. Àwọn tó ń yáni ní àga àti abọ́ àríyá máa ń ní in. Ife oníke ò dáa, òórùn rẹ̀ máa ń bọ́ sínú wáìnì
- Korobá ńlá méjì tàbí kúlà, pure water tó ti dì gbagidi bí ogún, àti iyọ̀
- Irin tí a fi ń fa kọ́ọ̀kì
- Fóìlì tàbí láílọ́ọ̀nù dúdú, rọ́bà, àti bírò tí kì í parẹ́
- Bébà méjì àti bírò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan
- Ife onípépà mẹ́jọ fún títu wáìnì dànù, àti abọ́ ńlá kan láàárín tábìlì
- Omi mímu tó pọ̀, àti bisikíìtì Cabin. Búrẹ́dì Agége ládùn díẹ̀, kò bá iṣẹ́ yìí mu
- Súyà, àsun, dòdò, tàbí ọ̀fadà. Ìdáná ni kí wọ́n wà títí dé Ìgbésẹ̀ 8
- Tẹ̀mómítà ìdáná bí ẹ bá ní in

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú kókó kan tí kò fẹ̀ jù

"Wáìnì káàkiri ayé" ò lè jẹ́ kókó. Tí ẹ bá gbé ti Faransé kan, ti Spéènì kan àti ti Chile kan kalẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ máa rí ni pé wọn ò jọra, ẹ ò sì ní mọ ìdí. Kókó tó dáa ni èyí tí ohun kan ń yí padà nínú rẹ̀ tí ìyókù dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ irú èso àjàrà kan náà tí wọ́n fi ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, tàbí ilẹ̀ kan náà tó mú èso ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde.

Ibi tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà. Wáìnì wọn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Èkó àti Ìbàdàn, orúkọ èso sì máa ń wà lójú bọ́tìlì gbangba. Bí a ṣe lè pín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí.

Funfun mẹ́ta, Chenin Blanc ni gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń gbìn jù lọ lọ́hùn-ún. Àkọ́kọ́, èyí tí kò fojú kan àgbá onígi rí ("unwooded" ni wọ́n máa kọ, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan). Èkejì, èyí tó lo oṣù mélòó kan nínú àgbá igi oak. Ẹ̀kẹta, èyí tó ládùn díẹ̀, tí wọ́n kọ "Off-Dry" tàbí "Semi-Sweet" sí lára.

Pupa mẹ́ta: Cinsault, Pinotage, Shiraz. Ìdí tí mo fi yan wọ́n ni pé Cinsault ni òbí Pinotage. Abraham Perold, olùkọ́ kan ní Stellenbosch, ló mú Pinot Noir àti Cinsault, tó da ìrudi wọn pọ̀ ní 1925, Pinotage sì ni ohun tó bí. Bí ẹ bá gbé méjèèjì síra wọn, òbí àti ọmọ lẹ ń tọ́ wò nínú ìjókòó kan. Cinsault ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá Pinot Noir ti Gúúsù Áfíríkà, òbí kejì nìyẹn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* ẹ má ṣe ní kí àlejò gbé bọ́tìlì wá. Ẹni tó gba àlejò ni kó ra gbogbo rẹ̀, kí àwọn yòókù dá owó fún un. Bí ojú bá ń tì yín láti gbowó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ru ẹrù oúnjẹ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ sọ kókó náà fún ọ̀rẹ́ kan lórí fóònù ní gbólóhùn kan. Bó bá bi yín pé "kí ló wá so wọ́n pọ̀?", ẹ tún un mú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ara bọ́tìlì kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ wo iye ọtí tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti wà nínú bọ́tìlì gíga tí wọ́n fi bébà dídán wé lọ́rùn ni wáìnì. Ọ̀pọ̀ èyí tí a máa ń já níbi ìkómọjáde àti nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ò ní ọtí nínú, omi èso àjàrà tí wọ́n fún ní gáàsì ni. Wáìnì tí à ń wí máa ní ìdá 12 sí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára. Bí ẹ bá rí 0, tàbí tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ fi í pamọ́ fún àwọn tí kì í mutí.

Lẹ́yìn náà ẹ wá orúkọ èso. "Sweet Red" kì í ṣe orúkọ èso. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Four Cousins, tó ń ti Robertson wá, kò sì sí ohun tó burú nínú pupa aládùn wọn fún ẹni tó fẹ́ràn adùn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìtò yìí, nítorí lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti kan ahọ́n, Shiraz tí kò ládùn máa dà bí àgbo lẹ́nu. Nípa òfin Gúúsù Áfíríkà, bí wọ́n bá kọ orúkọ èso kan ṣoṣo síwájú bọ́tìlì, ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èso yẹn. Lẹ́tà "W.O." (Wine of Origin) pẹ̀lú orúkọ ibì kan, bíi Stellenbosch, Paarl tàbí Swartland, ń sọ ibi tí èso ti wá. Ẹ wo ọdún náà: funfun tí kò wọ àgbá máa ń dùn jù láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Ohun tó kù ni ooru, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Bọ́tìlì tó dúró sójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa látàárọ̀, ẹ má mú un, bó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ tó. Èyí tó wà lókè pátápátá nítòsí àjà náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì láti orí bébà rẹ̀: bó bá ti yọrí sókè, ooru ti tì í jáde. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ bóyá nǹkan kan ti ṣàn gbẹ síbẹ̀. Ẹ gbé èyí tó funfun sókè síná: bó bá ti pọ́n bí tíì, ó ti gbó kọjá. Ìdérí onírin tí à ń yí ò túmọ̀ sí wáìnì yẹpẹrẹ; ọ̀pọ̀ wáìnì gidi ní Gúúsù Áfíríkà ló ń lò ó, kò sì sí kọ́ọ̀kì tó máa rà nínú rẹ̀.

Ẹ sọ fún olùtajà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un láti inú páálí tó wà lẹ́yìn." Wọ́n á wò yín tìyanu-tìyanu, wọ́n á sì mú un. Bí ẹ bá ń lọ sílé, iwájú ọkọ̀ níbi tí AC ń fẹ́ sí ni kí bọ́tìlì wà. Bùútù ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland lọ́sàn-án lè se wáìnì jinná.

*Àyẹ̀wò:* mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní orúkọ èso, ìdá ọtí àti ọdún lára. Kò sí èyí tó ń jò. Kọ́ọ̀kì kankan ò yọrí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìpè

Ẹ fi àwọn òfin sínú ìpè gan-an, kò ní dà bí ìbáwí nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàsán o. Ìtọ́wò wáìnì wa máa bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ má wá pẹ̀lú inú òfìfo. Ẹ má fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ yẹn, àtọkùnrin àtobìnrin. Ẹ má wakọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí a jọ wọ ọkọ̀ Bolt. Bí ẹ kì í bá mutí, ẹ sọ fún mi, mo ti ní tiyín nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà yìí ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹnì kan ṣoṣo tó fín oud wọlé ti gba imú gbogbo ilé. Àbúrò lè padà lọ fọ ọwọ́ àti ọrùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ẹ ò lè sọ nǹkan sí ni, ẹ wá àga fún wọn nítòsí fèrèsé, kí ẹ sì dúpẹ́ pé wọ́n wá. Ẹ má tan túràrí nínú ilé láti àárọ̀. Bí ẹ bá máa dín nǹkan, kó ti parí ní ọ̀sán.

Aboyún, ẹni tó ń lo Flagyl, àti ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń tọ́ ọ wò. Ẹ fún àwọn tí kì í mutí ní iṣẹ́ gidi: àwọn ló yẹ kó bo bọ́tìlì, kó máa bu wáìnì, kó sì ka máàkì. Kò sẹ́ni tó máa gbádùn alẹ́ náà tó wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Otútù

Ibi tí mo ní kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Pálọ̀ wa lè gbóná tó 30°C. Ìmọ̀ràn tó ní kí á mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá, ilé ilẹ̀ òtútù ló ń bá wí, níbi tí yàrá ò ti ju 16 tàbí 18°C lọ. Ní 30°C, ọtí inú wáìnì pupa ló máa kọ́kọ́ gòkè wá bá imú yín, á máa ta, òórùn èso á sì sá sẹ́yìn. Ti funfun á kan dà bí omi ọsàn tí wọ́n gbàgbé síta ni.

Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ fojú sùn nìyí: Chenin tí kò wọ àgbá àti èyí tó ládùn, 8 sí 10°C, Chenin inú àgbá, 11 tàbí 12°C, Cinsault, 13 tàbí 14°C, Pinotage àti Shiraz, 15 tàbí 16°C. Ẹ rántí pé nínú ooru wa, ohun tó wà nínú ife kì í pẹ́ gbóná sí i. Ó sàn kó tutù jù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bu ú.

Bí iná bá wà, ẹ kó funfun mẹ́ta sínú fìríìjì láti àárọ̀, kí ẹ kó pupa mẹ́ta sí i ní wákàtí kan ó lé díẹ̀ kí ìtọ́wò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ ò sì fẹ́ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá yín jókòó, ẹ lo korobá. Ẹ fi aṣọ wé pure water tó dì, ẹ fi ọmọ odó gún un títí á fi fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ya láílọ́ọ̀nù rẹ̀, kí ẹ dà á sínú korobá kó dé ìdajì. Ẹ wá bu omi lásán sí i títí á fi kún dé ibi tó máa mu ọrùn bọ́tìlì, ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, funfun ti tutù tó. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó fún pupa.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* yìnyín láìsí omi. Bí ẹ bá gbé bọ́tìlì sáàárín yìnyín gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ibi tí yìnyín kàn nìkan ló máa tutù. Omi ló ń gbé otútù yí bọ́tìlì ká. Iyọ̀ ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi náà tutù kọjá ibi tí omi lásán ti ń dì. Ẹ má ti bọ́tìlì sínú fìrísà kí ẹ wá lọ wẹ̀: bí wáìnì bá dì, á fẹ̀, á ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́ bọ́tìlì. Ẹ má sì ju yìnyín sínú ife ẹnikẹ́ni, omi lẹ fi ń là á.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bu ìwọ̀n ṣíbí méjì sínú ife kí ẹ ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ yọ bọ́tìlì funfun jáde, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dúró díẹ̀: ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún làágùn lójú yín. Ẹ fi pupa kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó yẹ kó tù yín lára, kó má sì mú yín gbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣí i, ẹ tọ́ ọ wò fún àbùkù, ẹ bò ó

Ìdáná ni ẹ ti máa ṣe èyí kí àlejò tó dé. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, kí ẹ bu díẹ̀díẹ̀ gbóòórùn. Bó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló ba á jẹ́. Kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn rẹ̀. Bó bá ń ta bíi fínígà, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi jáàmù tó jóná, ooru ti sè é. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ra ẹyọ kan sí i nìyẹn.

Ẹ wá fún ẹni tí kì í mutí ní fóìlì kó bo wọ́n láti ìdí dé ẹnu, kó kọ nọ́ńbà sí wọn lára bí ẹ ṣe máa mu wọ́n: funfun tí kò wọ àgbá, funfun inú àgbá, Cinsault, Pinotage, Shiraz, kí funfun aládùn wá kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ gé gbogbo bébà dídán ọrùn bọ́tìlì kúrò, ẹ sì kó ìdérí onírin pamọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tọ́ ọ wò máa fi wọ́n dá wáìnì mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bíbu

50 mílílítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn omi 50 mílílítà sínú ife kan, ẹ fi rọ́bà so ibi tó dé, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bu. Ènìyàn mẹ́jọ máa mu 400 mílílítà nínú bọ́tìlì kọ̀ọ̀kan, 350 á sì ṣẹ́kù fún ìgbà tí oúnjẹ bá dé. Ẹni tó bá gbé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mì láìtu nǹkan kan ti mu 300 mílílítà, èyí tí kò tó ìdajì bọ́tìlì.

Ẹnì kan máa ní "ṣé èyí náà ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ má fi kún un. Ife tó kún ò ṣeé jù yí, kí wáìnì máa yí po nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì jù ú yí ò ní gbóòórùn nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìtọ́wò gan-an

Ẹ pa orin. Méjìméjì ni kí ẹ máa bu wọ́n, 1 àti 2, lẹ́yìn náà 3 àti 4, nítorí ìfiwéra ló ń kọ́ ahọ́n. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Ẹ gbé ife síwájú bébà funfun, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jù ú yí lórí tábìlì, ẹ ti imú bọ inú rẹ̀, kí ẹ fà á símú lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ní àfàtúnfà, imú tètè máa ń sú. Ẹ mu díẹ̀, ẹ fi yí gbogbo ẹnu ká, kí ẹ tu ú sínú ife onípépà. Bí ó bá nira fún àwọn àlejò láti tutọ́ níwájú ara wọn, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ tu ú, tìgboyà-tìgboyà.

Kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, kí wọ́n fún un ní máàkì láti 1 dé 10:

- Kí ni òórùn rẹ̀ jọ?
- Ṣé itọ́ ń sun lábẹ́ àgbọ̀n? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kan dáadáa.
- Ṣé ó fa ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí a jẹ obì? Èèpo èso pupa ló ń fa ìyẹn.
- Ṣé ó gbóná lọ́nà ọ̀fun? Ọtí nìyẹn.
- Ṣé màá fi owó ara mi rà á?

Ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn bọ́tìlì sétí wọn. Bí àpèjúwe náà bá ní èso inú igbó ilẹ̀ òtútù tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tọ́ wò rí, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ ní kí wọ́n lo òórùn tí wọ́n mọ̀ láti kékeré. Nínú Chenin àkọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ gúáfà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹnu á sì kan bíi ti agbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán. Èyí tó wọ àgbá máa wúwo sí i, á ní oyin àti nǹkan bí àgbọn yíyan. Cinsault fúyẹ́, èso pupa ló kún inú rẹ̀. Pinotage dúdú jù ú lọ, ó sì lè mú èéfín tàbí kofí dání. Nígbà mìíràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù máa ń jáde nínú rẹ̀, kí ẹ má rò pé imú yín ló ń tan yín. Ní ti Shiraz, ẹ wá ìyèré.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* sísọ̀rọ̀ kó tó di pé gbogbo ènìyàn kọ tiwọn. Nínú àwùjọ wa, bí ẹni tó dàgbà jù bá ti ní "èyí ò dáa rárá," ta ló máa jiyàn? Gbogbo bébà á wá rí bákan náà. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì lórí wáìnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa, ẹ̀yin lẹ máa kádìí ẹ̀," á dùn mọ́ wọn.

Ẹ jẹ bisikíìtì kan, ẹ mu omi, kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá gba bébà jọ lẹ́yìn wáìnì kẹrin, máàkì ò gbọdọ̀ bára mu. Bí gbogbo wọn bá fún nọ́ńbà 3 ní 7, wọ́n ti ń yojú wo bébà ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ata dé

Ìgbà yìí ni kí ẹ gbé oúnjẹ jáde, kí orin padà, kí ìyókù wáìnì bẹ̀rẹ̀ sí yí ká, nínú fóìlì síbẹ̀. Ìdánwò kejì rèé: wáìnì wo ló lè dúró níwájú ata?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹran gbọ́dọ̀ bá wáìnì pupa tó le rìn. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ nìkan sun ẹran. Ọtí máa ń mú kí ata jóni sí i, ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ nínú wáìnì pupa náà sì ń bá a kún un. Ṣúgà àti otútù ló ń pẹ̀tù sí i. Ẹ fi Shiraz ìdá 14.5 lé àsun tó ta dáadáa, ẹ máa rí ẹni tó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu. Ẹ wá gbé nọ́ńbà 6, Chenin aládùn tó tutù, lé àsun kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáìnì tó gba máàkì tó kéré jù nígbà tí ẹnu mọ́ ló máa ń gbégbá orókè níbí, àwọn tó ti ń pè é ní ọtí ọmọdé á sì máa wá bọ́tìlì rẹ̀ kiri.

Ẹ ní kí onísúyà di ata rẹ̀ sọ́tọ̀. Súyà tí wọn ò fi ata kún, tó ní ẹ̀pà àti èéfín lára, máa ń bá Pinotage rìn dáadáa. Bí ẹ bá ti fi ata kún un, ẹ gbé Cinsault tó tutù sí i. Dòdò àti Chenin inú àgbá jọ ń lọ, adùn ń bá adùn ṣeré. Ọ̀fadà pẹ̀lú ọbẹ̀ ayamáṣe, tí irú ń ta sánsán lára rẹ̀, le jù nínú gbogbo wọn. Èmi ò fara mọ́ wáìnì pupa kankan fún un. Ẹ dán nọ́ńbà 1 àti 6 wò, kí ẹ jiyàn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí kálukú dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí bébà ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ tú fóìlì, ẹ palẹ̀ mọ́

Kí ẹ tó tú u, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: èwo ló wọ́n jù, èwo ni òbí àti ọmọ? Láti orí èyí tí máàkì rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u, kí ẹ sì dárúkọ iye owó rẹ̀ bí ẹ bá ti ń tú u. Ẹ ya fọ́tò ìwájú àti ẹ̀yìn bọ́tìlì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú máàkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a tún padà sórí "èyí tó pupa yẹn."

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì, àti funfun àti pupa. Funfun lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Pupa, ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ẹ yọ pupa síta fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó mu ún. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ ife ayálò lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ọṣẹ rẹ̀ má pọ̀, nítorí èérí wáìnì pupa tó bá sùn nínú ife máa ń le fọ̀.

*Àyẹ̀wò:* ife 16 pé. Bébà máàkì mẹ́jọ wà lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú jáde. Bí ẹnì kan bá wakọ̀ wá láìka ìpè yín sí, kí ọkọ̀ rẹ̀ sùn sọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbóòórùn ohun tó kù nínú bọ́tìlì kí ẹ tó bu ú: èyí tó bá ti ń ta bíi fínígà, ẹ fi rẹ ẹran.